Ọgbẹ́ Tí Búrọ́ọ̀ṣì Ń Tú Síta: Ohun Tí Iṣẹ́ Eyín Kọ́ Mi Nípa Ìtọ̀ Ṣúgà

Bí ènìyàn bá tutọ́ láàárọ̀ tí itọ́ náà pọ́n, ohun tó sábà máa ń sọ ni pé búrọ́ọ̀ṣì òun ti le jù. Á yẹra fún ojú ibẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ á sì tún pọ̀ sí i. Ká ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀ láràárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kò ní í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ pé kó tó gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹran ìdí eyín tí ara rẹ̀ bá le kì í ṣẹ̀jẹ̀, ì báà ṣe búrọ́ọ̀ṣì ló kàn án, ì báà ṣe pákò, ì báà ṣe egungun adìyẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi nìyẹn: ọgbẹ́ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kàn tú àṣírí rẹ̀ ni.

Ọgbẹ́ náà kì í hàn sójú, torí inú kòtò tó wà láàárín eyín àti ẹran tó yí i ká ló ń gbé. Irin tín-ínrín kan wà tí wọ́n fàlà sí lára bíi rúlà. Òun la fi ń wọn bí kòtò yẹn ṣe jìn tó. Lẹ́nu tó dá ṣáká, irin náà kì í wọlé ju mìlímítà 1 sí 3 lọ. Tó bá ti wọ 4, ẹran ti ń ṣí kúrò lára eyín. Tó bá wọ 6 tàbí 7, egungun tó di eyín mú ti ń jẹ lọ lábẹ́lẹ̀. Ojú mẹ́fà la ti ń wọn eyín kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tí eyín 28 wà lẹ́nu rẹ̀, nọ́ńbà 168 là ń kọ sílẹ̀ fún un. Lẹ́nu ẹni tí àrùn ìdí eyín ti wọ̀ lára, bí a bá lè kó gbogbo ojú ọgbẹ́ inú àwọn kòtò wọ̀nyí jọ, ká tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó lè fẹ̀ tó ojú páálí ìṣáná kan. Ọgbẹ́ tó fẹ̀ tó páálí ìṣáná, tí ìdọ̀tí ń kó sí lọ́sàn-án lóru, tí ẹni tó ni ín sì ń jẹ ẹ̀bà gba orí rẹ̀ kọjá.

Àwọn ènìyàn máa ń so eyín mọ́ ọkàn, mọ́ ọpọlọ, mọ́ oyún, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀ níwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tèmi ni, ìtọ̀ ṣúgà ni mo máa ń kọ́kọ́ bá aláìsàn sọ, torí láàárín òun àti ìdí eyín, a mọ bí ọ̀nà ṣe lọ, a sì mọ bó ṣe bọ̀.

Ká mú ti ìlọ ná. Ṣúgà tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń mú kí ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ki, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè pín oúnjẹ kárí bó ṣe yẹ. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó gbógun ti kòkòrò àìfojúrí á di ọ̀lẹ: á pẹ́ kó tó débi ìjà, tó bá sì débẹ̀ tán, kò ní pa ohun tó yẹ kó pa. Ọgbẹ́ á máa pẹ́ kó tó jinná. Itọ́ náà á dín kù, bẹ́ẹ̀ itọ́ ló ń bá wa fọ ẹnu ní gbogbo wákàtí tí a kò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdọ̀tí kan náà tó kàn ń mú ìdí eyín ẹlòmíràn wú díẹ̀ ló ń wó egungun lẹ́nu ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò tíì mọ̀. Bí ọyún bá ń jáde lójú méjì mẹ́ta nídìí eyín lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí eyín iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ya síra lẹ́nu ẹni tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu mi ni pé: ìgbà wo lẹ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wò gbẹ̀yìn? Ẹ̀jí tí Ọlọ́run dá mọ́ni là ń yìn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn ogójì ọdún, ó yẹ ká wádìí ohun tó gbé e wá. Àyẹ̀wò tí a ṣe láìtíì jẹun láàárọ̀, tó bá jẹ́ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìtọ̀ ṣúgà ni.

Ti àbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ rí. Ara kì í fi ọgbẹ́ sílẹ̀ láì jà. Bó ṣe ń bá kòkòrò inú kòtò eyín jà, ó ń tú àwọn èròjà ìjà sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn èròjà wọ̀nyí kì í sì í dúró lẹ́nu. Wọ́n á dé inú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara, wọ́n á sì máa dí insulin, èròjà ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lọ́wọ́. Insulin wà níbẹ̀ o, àmọ́ ara ò fẹ́ gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, ṣúgà á wá kún inú ẹ̀jẹ̀. Ẹlòmíràn á dín iṣu kù, á lo òògùn rẹ̀ déédéé, dókítà á tiẹ̀ tún fi òògùn kejì kún un, nọ́ńbà ò sì ní í wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó la ẹnu. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́yà ló ń ṣe.

Àyẹ̀wò kan wà tó ń jẹ́ HbA1c. Ohun tó ń wọn ni ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa ń lò tó nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé, àyẹ̀wò yìí máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe ohun tí ènìyàn jẹ lánàá. Láti 6.5% lọ sókè ni ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀pọ̀ dókítà sì ń fẹ́ kí aláìsàn wọn wà ní nǹkan bí 7% tàbí kó dín. Ìwádìí tí wọ́n ṣe léraléra fi hàn pé tí wọ́n bá fọ ìdí eyín ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ìdí eyín dáadáa, HbA1c rẹ̀ máa ń wálẹ̀ ní nǹkan bí 0.4 láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, bíi kó kúrò ní 8.4 kó bọ́ sí 8.0. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń ra òògùn ìtọ̀ ṣúgà lóṣooṣù léèrè iye tó ń ná kí nọ́ńbà yẹn tó yẹ̀ díẹ̀. Kò rọ́pò òògùn o. Ẹni tó bá tìtorí fífọ eyín pa òògùn tì, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Ìròyìn tó dùn níbẹ̀ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ àrùn yìí ṣeé dá padà. Ní 1965, ní ìlú Aarhus lórílẹ̀-èdè Denmark, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ènìyàn 12 tí ẹnu wọn dá ṣáká má fọ ẹnu mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, ìdí eyín gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n padà sídìí fífọ ẹnu, ó lọ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹran ìdí eyín ló ń padà sípò bẹ́ẹ̀. Egungun tó bá ti jẹ lọ kì í padà. A lè dá a dúró níbi tó dé ni.

Kí ló ń fà á tí fífọ ẹnu nílé nìkan kò fi tó nígbà mìíràn? Ìdọ̀tí tó rọ̀, tó ń yọ̀ lára eyín bí omi ilá, búrọ́ọ̀ṣì ń kó o. Tó bá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, iyọ̀ inú itọ́ á sọ ọ́ di líle bí sìmẹ́ńtì. Ó pọ̀ jù lẹ́yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀ àti lára eyín kàkí òkè tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ibẹ̀ ni ojúsun itọ́ wà. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè ṣí i mọ́. Èédú lílọ̀ kò lè ṣí i, á kàn máa ha ojú eyín ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ burú jùyẹn lọ, torí ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ ara eyín gan-an kó tó kan sìmẹ́ńtì yẹn. Àwọn òògùn apakòkòrò tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísìtì náà kò lè wọnú rẹ̀; ìrora á lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìdọ̀tí á jókòó síbi tó wà, ọyún á tún padà dé.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n rìrì, tó sì ń tu omi, la fi ń gbọ̀n ọ́n kúrò. Ẹ̀sùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé fífọ eyín ní ilé ìwòsàn ló mú kí eyín mì. Sìmẹ́ńtì yẹn ló ti so eyín tó mì pọ̀ mọ́ra wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó kúrò, ohun tó wà nílẹ̀ hàn. Àlàfo tí ahọ́n ń bá pàdé lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí ìdọ̀tí kún ni. Eyín lè máa ta sí omi tútù fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó sì lè dà bíi pé ó gùn sí i, nítorí pé ẹran tó wú ti fọn. Tí kòtò bá jìn, a máa ń gún abẹ́rẹ́ ìpatara, ká fọ apá kan lónìí, ká fọ ìyókù lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má ṣe dá a dúró ní àbọ̀ nítorí pé ìdajì kan ti rọ̀ yín lọ́rùn.

Ọjọ́ tí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà eyín, àárọ̀ ni kó wá, kó jẹun, kó lo òògùn rẹ̀ bó ṣe ń lò ó. Àwọn kan máa ń wá pẹ̀lú inú òfìfo torí wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn wò, tàbí torí ẹ̀rù. Òògùn ṣúgà nínú ikùn tí kò sí oúnjẹ, pẹ̀lú àyà tó ń já, ohun tó ń bí ni kí ṣúgà já wálẹ̀ lórí àga. Òógùn tútù á bo ènìyàn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ebi òjijì á dé, ọ̀rọ̀ á máa dàrú. Tí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà bá fi hàn pé ó ti wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, ẹ po ṣíbí ìmutíì mẹ́ta ṣúgà mọ́ omi, kó mu ún, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ló kàn.

Kí aláìsàn kó gbogbo òògùn tó ń lò sínú ọ̀rá, kó gbé e wá. Orúkọ tí wọ́n ń pè látorí kì í tó, "èyí funfun kékeré yẹn" kò sì sọ nǹkan kan fún wa. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ń lo amlodipine tàbí nifedipine. Lára àwọn kan, àwọn òògùn wọ̀nyí máa ń mú kí ẹran ìdí eyín hù bo eyín, bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà wú. Phenytoin tí àwọn tó ní wárápá ń lò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí dókítà tó kọ ọ́ mọ̀, ó lè pààrọ̀ rẹ̀, ẹnu tó mọ́ sì máa ń dín híhù náà kù gan-an. Aspirin kékeré tí wọ́n ní kí ẹ máa lò nítorí ọkàn, ẹ má dá òun náà dúró torí pé ẹ fẹ́ yọ eyín. A mọ bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú eyín dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó bá dì lọ́kàn, kò sí ohun tí dókítà eyín lè ṣe sí i.

Àkokoro tó bá dé lóru ló ń mú kí ènìyàn ṣe ohun tó máa kábàámọ̀. Diclofenac àti ibuprofen tí wọ́n ń mu bí omi máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì ń ni kíndìnrín lára, pàápàá kíndìnrín tí ṣúgà ti ń bá fà á tẹ́lẹ̀. Paracetamol 500 mg méjì, lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, kó má ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24, ló dára jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aspirin tí wọ́n ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín kì í pa ìrora kankan. Ó ń bó ẹran ẹnu ni. Ẹ̀yìn wákàtí díẹ̀, ojú ibẹ̀ á funfun, á wú bí awọ tí omi gbígbóná dà sí, á sì máa ṣí kúrò wẹ́wẹ́. Àwọn tó ń kán omi bátìrì mọ́tò sínú eyín tó lu, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo lè sọ sí i. Ásíìdì ni.

Ibì kan wà tí mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá. Gbòǹgbò eyín kàkí ìsàlẹ̀, pàápàá ti ẹ̀yìn pátápátá, gùn kọjá ibi tí iṣan ìsàlẹ̀ ẹnu ti so mọ́ egungun párì, nítorí náà ọyún rẹ̀ lè gba abẹ́ ahọ́n wọ ọrùn. Láti 1836 ni Wilhelm Friedrich von Ludwig, dókítà ará Jámánì, ti ṣàpèjúwe wíwú yìí, ó sì ṣì ń pa ènìyàn. Ṣúgà tó ga máa ń mú un yára. Bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú lọ́tùn-ún lósì tó sì le bí pákó, tí ahọ́n ń gòkè, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, tí ohùn yí padà bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má dúró de Mọ́ńdè. Ọ̀nà èémí ló ń dí. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lóru ọjọ́ yẹn, kó jókòó, kó má dùbúlẹ̀.

Fún aláboyún, gbólóhùn kan péré: a lè fọ eyín wọn, a sì lè tọ́jú wọn, oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló rọrùn jù lórí àga. Tó bá bì láàárọ̀, omi ni kó fi yọnu, kó dúró tó ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kó tó fọ eyín, kí ásíìdì inú tó ti rọ ojú eyín má bàa jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì ha á kúrò.

Nílé ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride 1,000 sí 1,500 ppm (èròjà tó ń dáàbò bo eyín ni fluoride; ẹ̀yìn páálí ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí), ìwọ̀n ẹ̀wà kan ti tó. Ẹ dẹ búrọ́ọ̀ṣì náà kí ìdajì irun rẹ̀ wà lára eyín, kí ìdajì kejì kọjú sí ojú ibi tí ẹran ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa mì ín díẹ̀díẹ̀ lójú kan kí ẹ tó sún síwájú. Ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ti alẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí itọ́ máa ń dín kù tí a bá sùn. Ẹ tu ìfófò nù, ẹ má fi omi púpọ̀ ṣan án, kí fluoride lè dúró díẹ̀.

Pákò kì í ṣe ọ̀tá mi. Orín àtà tí a run dáadáa, tí orí rẹ̀ di búrọ́ọ̀ṣì, ń kó ìdọ̀tí iwájú eyín. Níbi tó ti máa ń kùnà ni ẹ̀yìn eyín, ìyẹn ojú tó kọjú sí ahọ́n, àti àárín eyín sí eyín. Kò sì ní fluoride tó bíi ti ọṣẹ ìfọyín. Ẹni tó bá ń run orín láàárọ̀, kó fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe ti alẹ́. Fún àárín eyín, òwú ìfọyín tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ẹ rọra fi rọ́ lára eyín kan sókè sódò, lẹ́yìn náà lára ìkejì. Kì í ṣe kí ẹ já a wọlé lójijì. Tùúpíìkì tí wọ́n ń ki bọ àárín eyín lẹ́yìn ẹran máa ń gún ẹran ìdí eyín ní ojú kan náà lójoojúmọ́, títí ibẹ̀ fi máa yọ ihò tí ẹran tún máa há sí. Tí ẹnu bá ń gbẹ, omi ni kí ẹ máa mu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Súùtì tí àwọn kan ń lá láti mú kí itọ́ wá ń ba eyín jẹ́, ó sì ń gbé ṣúgà sókè, gbèsè méjì lórí owó kan.

Àwọn àgbà tó ń lo eyín àtọwọ́dá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ lálẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọwọ́ lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lórí báṣíìnì tí omi wà nínú rẹ̀ (kó má fọ́ tó bá já bọ́), ẹ má lo ọṣẹ ìfọyín torí ó ń ha á lára. Lẹ́yìn náà ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa mọ́, ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀ lè gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó di àrùn òtútù àyà. Ẹni tó ń tọ́jú irú àgbà bẹ́ẹ̀, aṣọ mímọ́ tó rin lórí ìka ti tó láti nu inú ẹnu àti ahọ́n lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí orí rẹ̀ ga, kó má sùn gbalaja.

Lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ọdún kan. Ẹni tó wà nítòsí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ lè rí dókítà eyín àti dókítà ìtọ̀ ṣúgà nínú ọgbà kan náà. Ẹ jẹ́ kí ìwé àyẹ̀wò HbA1c ti kí a tó fọ̀ ọ́ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. A óò tún fi irin wọn kòtò: ibi tó jẹ́ 6 tẹ́lẹ̀, a ń retí 4 tàbí kó dín, kó má sì ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Tí kòtò bá wálẹ̀ tí ṣúgà kò wálẹ̀, ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ dókítà ìtọ̀ ṣúgà, kó yẹ òògùn àti oúnjẹ wò. Tí ṣúgà bá wálẹ̀ tí kòtò ojú kan kò wálẹ̀, a máa wo bóyá ìdọ̀tí ṣì kù lábẹ́ ibẹ̀, tàbí bóyá gbòǹgbò ti là. Tí méjèèjì kò bá wálẹ̀, ẹ bá wa gbé búrọ́ọ̀ṣì yín wá, kí ẹ fi bí ẹ ṣe ń lò ó hàn wá.